Ẹ Má Gba Iṣẹ́ Lọ́wọ́ Ìyá Àgbà

Ìgbálẹ̀, àkísà, ọ̀rá omi àti ayò: iṣẹ́ ọwọ́ mẹ́rin tí àgbà lè jókòó ṣe nílé láìná owó

Ní ọdún tí ìyá tó bí màmá mi yọ̀ ṣubú lẹ́bàá kànga, gbogbo àwọn ọmọ wọn pé jọ sí ilé ní Òkìtìpupa, wọ́n sì fẹnu kò pé Màmá Àgbà kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ mọ́. Ìpàdé náà kò gùn. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ọkùnrin tí wọ́n ń gbé Èkó ni wọ́n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, àwọn yòókù sì kín wọn lẹ́yìn. Wọ́n gbé agbada tí Màmá Àgbà fi ń dín gàrí kúrò ní ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n kó apẹ̀rẹ̀ àti asẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe púpurú fún aládùúgbò. Wọ́n ra àga onítìmùtìmù kan, wọ́n gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ dáadáa, wọ́n sì ní, "Ẹ jókòó, Màmá. Ẹ ti ṣiṣẹ́ tó. Ó kù kí ẹ máa jẹ èrè ọmọ."

Kò sí ẹni tó lè bá wọn jiyàn. Àwọn àgbà ló ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu, ìfẹ́ sì ni wọ́n fi ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ṣe.

Màmá Àgbà jókòó. Ní oṣù kìíní, wọ́n ń kí gbogbo ẹni tó bá ń kọjá lójú títì. Nígbà tó di oṣù kẹta, ẹni tó bá kí wọn nìkan ni wọ́n ń dá lóhùn. Nígbà tí mo dé bá wọn ní ìparí ọdún náà, mo rí i pé wọ́n ń fi ìka wọn ká etí ìró tó wà nídìí wọn. Wọ́n á ká a títí, wọ́n á tún tú u, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká a padà. Láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi yí ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo bi wọ́n pé, "Màmá, kí lẹ ń ṣe?"

Wọ́n wo ọwọ́ wọn, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Iṣẹ́ ni."

Ọ̀rọ̀ méjì yẹn kò jẹ́ kí n sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà. Ọwọ́ tó ti din gàrí fún ogójì ọdún kò mọ bí a ti ń sinmi, nígbà tí kò sì rí iṣẹ́, ó lọ wá èyí tí kò ní èrè kankan fún ara rẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá iṣẹ́ ọwọ́ kékeré tí àgbà lè jókòó ṣe nínú ilé, tí kò ní dá wọn lágara, tí kò sì ní ná ẹnikẹ́ni lówó. Mẹ́rin nínú wọn ni mo fẹ́ sọ fún yín, nítorí mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń ka ìwé ìròyìn yìí ní ìyá tàbí bàbá àgbà kan tó jókòó sórí àga báyìí, tó ń wo ojú ọ̀nà.

Ìjókòó lásán kì í ṣe ìsinmi

A máa ń rò pé ẹni tó bá ti jẹun yó, tó ní oògùn, tó sì ní ibi tó tura láti jókòó, ara rẹ̀ ti balẹ̀. Ìwádìí kò fi bẹ́ẹ̀ gbè wá lẹ́yìn. Ní ọdún 2003 sí 2004, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi ọ̀rọ̀ wá àwọn àgbàlagbà 2,152 lẹ́nu wò, àwọn tí wọ́n ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí a ti ń sọ èdè Yorùbá. Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà nínú wọn. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet ní ọdún 2007 fi hàn pé nǹkan bí àgbà 7 nínú 100 ni ìsoríkọ́ ti bá fínra láàárín ọdún kan péré ṣáájú ìwádìí náà, àti pé nǹkan bí 26 nínú 100 ni ó ti bá fínra rí láyé wọn. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe àgbà ìlú òyìnbó tí wọ́n kó sí ilé arúgbó. Àwọn ìyá àti bàbá tiwa ni, láàárín ọmọ àti aládùúgbò.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn olùwádìí ilé ìwòsàn Mayo Clinic tẹ̀lé àgbàlagbà 256 tí wọ́n ti pé ọdún 85 ó kéré tán, tí iyè wọn ṣì jí pépé, fún nǹkan bí ọdún mẹ́rin. Nígbà tí wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2015, ó hàn pé àwọn tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́ bí aṣọ rírán, iṣẹ́ igi àti ìkòkò mímọ láti ìdajì ayé wọn títí di ọjọ́ ogbó ní ààbò díẹ̀. Ewu pé iyè wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù fi ìdá 45 nínú 100 kéré sí ti àwọn tí kò ṣe é. Àwọn tí wọ́n ń bá ọ̀rẹ́ àti ẹgbẹ́ ṣe pọ̀ náà rí irú ààbò bẹ́ẹ̀. Èyí kò túmọ̀ sí pé iṣẹ́ ọwọ́ ni oògùn arán. Ó lè jẹ́ pé ẹni tí ara rẹ̀ le tẹ́lẹ̀ ni ó ń lágbára láti ṣiṣẹ́. Síbẹ̀, mi ò tíì rí ẹni tó sọ pé títẹjú mọ́ ojú ọ̀nà ń ṣe ọpọlọ lóore.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ àṣìṣe àkọ́kọ́ tí èmi fúnra mi ṣe. Mo ra ìwé àwòrán àti ọ̀dà aláràbarà fún Màmá Àgbà, irú èyí tí wọ́n ń lò ní ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi. Wọ́n gbà á, wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì gbé e fún ọmọ àbúrò mi. Ẹni tó fi gàrí àti púpurú tọ́ ọmọ méje kò fẹ́ ohun ìṣeré. Ohun tó wù wọ́n ni iṣẹ́ tí yóò parí sí ohun èlò, ohun tí ẹnì kan yóò lò, tí ẹni náà yóò sì mọ ẹni tó ṣe é. Òun ni mo fi ń yan iṣẹ́ láti ọjọ́ náà: kí ohun èlò rẹ̀ wà ní àrọ́wọ́tó, kí ó ṣeé jókòó ṣe, kí ìwúlò rẹ̀ sì hàn kedere.

Ìkíní: Ìgbálẹ̀ ọ̀pẹ

Ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ilẹ̀ ọ̀pẹ ni. Yálà o gba Ìkọ̀yà wọlé ni, tàbí Òde-Aye, tàbí Ìlútitun, ọ̀pẹ ni yóò kọ́kọ́ kí ọ káàbọ̀. Oko ọ̀pẹ ńlá ti ilé-iṣẹ́ epo Òkìtìpupa sì wà níbẹ̀ tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀. Nítorí náà, ohun tí àwọn ará ìlú mìíràn ń fi owó wá, ẹ̀yìnkùlé wa ló wà.

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Níhìn-ín, ọ̀dọ́ ni yóò gé imọ̀ ọ̀pẹ wá, tí yóò sì já àwọn ewé rẹ̀ kúrò lára ọ̀pá. Imọ̀ kan tó ti gbó lè ní ewé tó lé ní 200, nítorí náà, imọ̀ méjì tàbí mẹ́ta ti tó fún ìgbálẹ̀ kan tó dára. Ẹ jẹ́ kí ewé náà rọ fún ọjọ́ kan nínú ibòji, nítorí ewé tútù máa ń yọ̀ lọ́wọ́, ewé gbígbẹ a sì máa fọ́.

Lẹ́yìn náà, iṣẹ́ kan àgbà. Wọn yóò mú ọ̀bẹ kékeré, wọn yóò sì ha ewé kúrò ní apá kìíní àti apá kejì títí yóò fi ku ẹ̀yìn ewé tó le nìkan. Ẹ̀yìn ewé yìí ni a ó sá sí oòrùn fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Bí ó bá gbẹ, a ó to ìdí rẹ̀ jọ sí ojú kan, a ó gbá ìdí náà mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí ó lè dọ́gba, a ó sì fi okùn tàbí ìrépé aṣọ dì í ní ẹ̀ẹ̀mejì, ọ̀kan nítòsí ìdí, èkejì ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan sókè sí i.

Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé ewé wá fún Màmá Àgbà, mo rò pé èmi ni n ó kọ́ wọn. Mo mú ewé kan, mo ń ti ọ̀bẹ lọ lára rẹ̀, ó já sí méjì. Mo mú òmíràn, ó tún já. Màmá Àgbà na ọwọ́ sí mi láìsọ̀rọ̀, wọ́n gba ọ̀bẹ náà, wọ́n gbé ojú rẹ̀ lé orí itan wọn tí wọ́n ti fi àkísà nípọn bò, wọ́n sì fa ewé náà kọjá lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn ewé náà jáde ní odidi.

Wọ́n ní, "Ọ̀bẹ kì í sá tẹ̀lé ewé. Ewé ni à ń fà wá bá ọ̀bẹ."

Ó ti tó oṣù mélòó kan tí mi ò ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu wọn. Ewé mọ́kànlá ni wọ́n ha lọ́jọ́ náà kí ó tó rẹ̀ wọ́n. Ní ọjọ́ kejì, kí n tó jí, wọ́n ti wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ń pè mí pé kí n gbé ewé wá.

Bí ọwọ́ àgbà kò bá lè di ìgbálẹ̀ ńlá mú, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe kékeré, irú èyí tí a fi ń gbá orí tábìlì tàbí inú agbada. Bí ẹ bá fi ìrépé àǹkárá wé ìdí rẹ̀, ó ti di ẹ̀bùn tí a lè fún ìyàwó ilé tuntun.

Ìkejì: Àkísà tó di òṣùká àti ìnusẹ̀

Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹ lọ wo abẹ́ ibùsùn ìyá àgbà yín kí ẹ rí i pé òótọ́ ni òwe yìí. Àǹkárá ìsìnkú tó ti ṣí, aṣọ ẹgbẹ́ ọdún gbọọrọ, ìró tí eku ti jẹ létí: kò sí èyí tí wọn yóò jẹ́ kí a dà nù. Ìdí wà fún èyí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan aṣọ náà ní ìtàn ẹni tó bá wọn rà á tàbí ayẹyẹ tí wọ́n wọ̀ ọ́ lọ.

Òṣùká ni ó rọrùn jù. Ẹ ya aṣọ ní fífẹ̀ ọwọ́ méjì, kí ó gùn tó apá ènìyàn. Ẹ lọ́ ọ bí ẹni ń fún omi aṣọ, ẹ ká a yípo kí ó rí bí òrùka ńlá, kí ihò àárín rẹ̀ lè gba ìkúùkù kan. Ẹ wá fi ìrépé tẹ́ẹ́rẹ́ wé e yí ká ṣinṣin títí tí abẹ́ kò fi ní hàn mọ́, kí ẹ sì fi abẹ́rẹ́ rán ìparí rẹ̀ mọ́ ara rẹ̀. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí kì í ru omi mọ́, àmọ́ wọ́n ń gbé ìkòkò gbígbóná sórí tábìlì, òṣùká sì ni ohun tó dára jù láti gbé e lé. Mo ti rí ọ̀dọ́ ìyàwó tó ra mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà láìmọ̀ pé ohun tí ìyá ìyá rẹ̀ fi ń ru igi ni.

Ìnusẹ̀ gba àkókò díẹ̀ sí i. Ẹ gé àpò ìrẹsì tó ti ṣófo sí ìwọ̀n tí ẹ fẹ́, kí ẹ ká etí rẹ̀ rán. Ẹ gé àkísà sí ìrépé tí fífẹ̀ rẹ̀ tó ìka méjì, tí gígùn rẹ̀ tó ìka àárín ọwọ́ lọ́nà méjì. Ẹ fi igi tó ṣóńṣó dá ihò méjì tó sún mọ́ra sára àpò náà, ẹ ti ìrépé wọ ọ̀kan, ẹ fà á jáde ní èkejì, kí ẹ sì so ó ní kókó. Bẹ́ẹ̀ ni a ó máa ṣe é ní ìlà ní ìlà títí àpò náà yóò fi kún. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì lè fi ọwọ́ wá ihò láìwò ó, ẹni tí kò sì lè fi abẹ́rẹ́ ṣe nǹkan lè máa so kókó.

Bí ẹ bá rò pé àkísà kò lè di ohun iyì, ẹ gbọ́ ti àwọn obìnrin Gee's Bend. Abúlé àwọn aláwọ̀ dúdú ni, ní ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà, níbi tí odò ti yí i ká ní apá mẹ́ta. Àwọn ìyá ibẹ̀, tí àwọn baba ńlá wọn jẹ́ ẹrú ní oko òwú, máa ń gé aṣọ oko tó ti gbó sí wẹ́wẹ́, wọ́n á sì rán an pọ̀ di aṣọ ìbora kí òtútù má baà pa ọmọ wọn. Ní ọdún 2002, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ọnà kan ní ìlú Houston fi àwọn aṣọ ìbora náà hàn fún gbogbo ayé. Ní ọdún 2006, ìjọba Amẹ́ríkà tẹ àwòrán wọn sára sítáǹbù ìfìwéránṣẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn obìnrin náà ti darúgbó kí ayé tó mọ̀ pé ọnà ni wọ́n ń ṣe.

Ìkẹta: Ọ̀rá omi tí a di bí irun

Ní gbogbo ibi tí ènìyàn bá wà ní Òkìtìpupa, ọ̀rá omi tútù wà níbẹ̀. Ó ń dí gọ́tà, ewúrẹ́ ń jẹ ẹ́, òjò sì ń gbé e lọ. Ọ̀rá yìí náà ni ohun èlò kẹta.

Ẹ fọ ọ̀rá náà, ẹ sá a kí ó gbẹ. Ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé orí àti ìdí rẹ̀ kúrò. Ohun tó kù yóò rí bí òrùka gbàgẹ̀rẹ̀. Ẹ gé òrùka náà sí òrùka tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, kí fífẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ìka méjì, kí ẹ sì so wọ́n mọ́ ara wọn bí a ti ń so rọ́bà tí àwọn ọmọdébìnrin fi ń fò. Okùn gígùn ni yóò dà. Bí ẹ bá ní okùn mẹ́ta bẹ́ẹ̀, ẹ dì í bí ẹni ń di irun. Màmá tó bá ti di irun ọmọ rí kò nílò ẹ̀kọ́ kankan níhìn-ín. Ìdì gígùn náà ni a ó ká bí ìgbín, láti àárín bọ̀ sí ìta, tí a ó máa fi abẹ́rẹ́ ńlá àti òwú ọ̀rá rán ìlà kan mọ́ èkejì. Bí a bá jẹ́ kí ó tẹ́jú, ó di ìtẹ́dìí tí òjò kò lè bà jẹ́. Bí a bá ń gbé etí rẹ̀ sókè bí a ti ń rán an, ó di apẹ̀rẹ̀ tí a lè kó àlùbọ́sà sí.

Ní abúlé N'Jau ní orílẹ̀-èdè Gambia, obìnrin kan tí ń jẹ́ Isatou Ceesay bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí ní ọdún 1997 pẹ̀lú àwọn obìnrin mélòó kan. Wọ́n ń ṣa ọ̀rá tí àwọn ènìyàn dà sí òkìtì ààtàn, wọ́n ń gé e sí okùn, wọ́n sì ń fi ìkọ́ hun ún di àpò ìkówósí. Àwọn kan fi wọ́n ṣẹ̀sín pé ààtàn ni wọ́n ń tú. Nígbà tó yá, owó àpò náà wọ ilé wọn, abúlé náà sì mọ́. Mo sọ ìtàn yìí fún Màmá Àgbà. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí: "Ṣé wọ́n ń fọ ọ̀rá náà dáadáa?"

Ìkẹrin: Ọpọ́n ayò láti inú kéréètì ẹyin

Kì í ṣe àwọn ìyá nìkan ni wọ́n ń jókòó. Bàbá kan wà ní àdúgbò wa, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tí rọpárọsẹ̀ ti mú ní apá òsì. Wọn kò ní ha ìgbálẹ̀, wọ́n sì ti sọ fún mi tààrà pé àwọn kì í rán àkísà. Ayò ni mo bá lọ.

Kéréètì ẹyin tí wọ́n fi páálí ṣe ní ihò 30: ìlà márùn-ún, ihò mẹ́fà nínú ìlà kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá gé ìlà méjì kúrò, ihò 12 ni ẹ ní, iye ihò ọpọ́n ayò gan-an. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí pákó tàbí páálí tó nípọn kí ó má baà máa ṣí kiri. Kéréètì kan yóò bí ọpọ́n méjì, ìlà kan yóò sì ṣẹ́ kù. Ọmọ ayò jẹ́ 48, mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá sí ọmọ ayò, ẹ ṣa èkùrọ́ 48 tí a kò tíì pa, ẹ fọ epo ara rẹ̀ kúrò, kí ẹ sì yan àwọn tó dọ́gba. Ó tóbi tó kí ọwọ́ tó ń gbọ̀n lè mú un.

Bàbá olùkọ́ fi ọwọ́ ọ̀tún gé kéréètì náà, ọmọ ọmọ wọn sì di etí kejì mú. Ní báyìí, ọwọ́ òsì tí kò lè ṣe nǹkan púpọ̀ ni wọ́n fi ń kó ayò tí wọ́n bá jẹ. Wọ́n ní kò sí ẹni tó sọ fún àwọn pé kí àwọn ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó dùn mọ́ àwọn nínú láti rí i tó ń gba èrè.

Àwọn ohun tí ẹ óò ṣọ́

Ẹ má ṣe fi ọ̀bẹ tó mú ju bó ti yẹ lọ sílẹ̀ fún àgbà tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Bí wọ́n bá ní àrùn àtọ̀gbẹ, ẹ ṣọ́ ọ gidi gan-an, nítorí ọgbẹ́ kékeré a máa pẹ́ kí ó tó jinná lára wọn. Fún irú wọn, kókó síso dára ju ewé híha lọ. Ẹ gbé àga síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ̀yìn wọn ní ohun tí yóò fara tì. Lẹ́yìn bí ìdajì wákàtí, kí wọ́n dìde, kí wọ́n na apá àti ẹsẹ̀. Ẹni tí làkúrègbé ń bá jà lè kọ́kọ́ ti ọwọ́ bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kí oríkèé lè rọ̀. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fi iná yọ́ ọ̀rá pọ̀, nítorí èéfín rẹ̀ kò dára fún àyà.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé kí ẹ má ṣe fi ipá mú wọn. Ẹ gbé ohun èlò náà sí ìtòsí, kí ẹ jókòó, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n ṣe, ó tún dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí àgbà tó lè wo ọmọ tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ níwájú rẹ̀ pẹ́ títí.

Ọ̀rọ̀ títà

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí. Nígbà tí ìgbálẹ̀ pọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Màmá Àgbà ní kí n gbé tábìlì kékeré kan sí iwájú ilé. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí fóònù fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ẹnì kan ti kọjá, ó ti sọ fún ẹ̀gbọ́n màmá mi ní Èkó pé ìyá wọn ń ta ìgbálẹ̀ lẹ́bàá títì. Ẹ mọ ohun tí ayé yóò sọ: àwọn ọmọ ti pa ìyá tì, ebi ló ń lé arúgbó jáde. Bùrọ̀dá náà bínú sí mi ju bí wọ́n ti bínú sí ìyá wọn lọ. Wọ́n ní bí ó bá jẹ́ owó ni, àwọn yóò fi ìlọ́po méjì ránṣẹ́. Wọ́n ní kí n kó àwọn ìgbálẹ̀ náà fún àwọn ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́.

Mi ò lè sọ pé wọn kò jàre. Orúkọ ìdílé kì í ṣe nǹkan kékeré nílẹ̀ wa, ẹni tó bá sì ń fi owó ránṣẹ́ lóṣooṣù kò yẹ kí a fi í ṣe ẹlẹ́yà. Mo gbé fóònù náà fún Màmá Àgbà. Wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ wọn títí ó fi tán. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ èyí, tí mi ò ní gbàgbé:

"Ọmọ mi, o ṣeun. Owó tí ò ń fi ránṣẹ́, nítorí pé mo jẹ́ ìyá rẹ lo ṣe ń fi ránṣẹ́. Ẹni tó ń ra ìgbálẹ̀ yìí kò mọ̀ mí rí. Nítorí pé ìgbálẹ̀ náà dára ló ṣe rà á."

Ohùn kejì dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọn kò sọ pé àwọn gbà. Wọ́n kàn ní kí n rí i dájú pé Màmá kò jókòó sínú oòrùn.

Ní oṣù Kejìlá tó tẹ̀ lé e, bùrọ̀dá wálé fún ọdún. Kí wọ́n tó padà sí Èkó, wọ́n mú ìgbálẹ̀ méjì lára èyí tó wà lórí tábìlì, wọ́n sì fẹ́ kó o sínú ọkọ̀. Màmá Àgbà pè wọ́n padà, wọ́n dá iye rẹ̀ fún wọn. Bùrọ̀dá rẹ́rìn-ín, wọ́n mú owó jáde, wọ́n fún wọn ju iye náà lọ. Màmá Àgbà ka owó náà, wọ́n sì fún wọn ní ṣéńjì.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, nígbà tí ẹ bá ń lọ sílé lọ́jọ́ ìsinmi tó ń bọ̀, ẹ ra ìpápánu àti oògùn lọ bí ẹ ti máa ń ṣe. Ẹ tún mú sísọ́ọ̀sì kan, abẹ́rẹ́ ńlá kan àti kéréètì ẹyin tó ṣófo dání. Ẹ jókòó ti àwọn àgbà yín, kí ẹ bi wọ́n pé, "Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe èyí?" Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ bá wọn láyọ̀, kí iṣẹ́ má sì tán lọ́wọ́ wọn.